Ọ̀rọ̀ Kan Lẹ́yìn Firíìjì Olówó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé firíìjì olówó kì í rùn. Ó ń rùn ju ti tálákà lọ, nítorí ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ pọ̀ jù. Òórùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí ìgbà èwe mi ní Kumasi: ẹja ńlá tó ti yọ́, bọ́tà, ọ̀rá ẹran, àti rọ́bà ilẹ̀kùn tó ti gbóná, gbogbo rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí bàbá mi bá ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì firíìjì tí kò rí iná fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó ilé á ti fi ìborùn bo imú. Bàbá mi ní tiwọn á mí sínú kanlẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ràmá, sọ fún màdáámù pé kò tíì kú. Àárẹ̀ ló mú un." Èmi á sì sọ ọ́ fún màdáámù ní Twi.

Alhaji Firíìjì ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mẹ́kà tí wọ́n mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú fọ́tò ara ògiri wa lọ. Ìlọrin ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti kọ́ṣẹ́ tán kí wọ́n tó dé Ghana, ìdí nìyẹn tí Twi kò fi wọ̀ wọ́n lẹ́nu dáadáa. Ìyá mi ní tiwọn, Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n Fante New Town ní Kumasi ni wọ́n bí wọn sí, nínú ilé tí bàbá wọn kọ́, ilé náà la sì ń gbé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ á rántí ilé wa: ilé tí wọ́n to firíìjì sí ara ògiri rẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, funfun, dúdú, aláwọ̀ wàrà, gbogbo wọn láìní ilẹ̀kùn. Bàbá mi ló ń tú ilẹ̀kùn wọn. Bí firíìjì kan bá ti kú tí wọ́n gbé e wá sílé wa, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, kí ọmọ kankan má baà há sínú rẹ̀. Ìyá mi ń kó èédú sí ọ̀kan, ìyá ìyá mi ń kó aṣọ sí òmíràn, adìyẹ wa kan sì yé sínú ẹ̀kẹta lọ́dún kan. Bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn títí ọmọ fi jáde nínú ẹyin rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn firíìjì kéékèèké yẹn ló sọ bàbá mi di ẹni tí wọ́n ń wá kiri. Nígbà yẹn, àwọn bọ́gà, ìyẹn àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà tí wọ́n sì padà wá kọ́lé, ń kó firíìjì ńláńlá wọ Kumasi. Òmíràn fẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Òmíràn ń da omi àti yìnyín láti ara ilẹ̀kùn, ìwọ á kàn gbé ife síbẹ̀. Wọ́n á kan pákó yí i ká nínú ilé ìdáná débi pé àlejò kò ní mọ̀ pé firíìjì ni. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fara da iná wa. Iná á lọ, iná á tún fi agbára dé, á sì jó ọpọlọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ firíìjì ní ọjà Asafo ń sá fún wọn. Bàbá mi kò sá, wọ́n fẹ́ràn àwọn firíìjì náà ni.

Bàbá mi kì í kọ́kọ́ mú irinṣẹ́ jáde. Wọ́n á gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ firíìjì náà, wọ́n á gbọ́ bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ṣe ń mí. Wọ́n á fi ìwé pélébé kan há ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á fà á. Bí ìwé náà bá bọ́ wẹ́rẹ́, rọ́bà ti lọ nìyẹn, òtútù ń jò jáde. Wọ́n á fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kan páìpù inú rẹ̀, wọ́n á sì sọ fún ọ bó ṣe tutù tó, kí gééjì tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ẹ̀yìn, níbi tí eruku ti dì mọ́ àwọn páìpù. Ẹ ò lè mọ iye firíìjì olówó tó jẹ́ pé irun ajá ló ń fún un lọ́rùn. Bàbá mi á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n kúrò, wọ́n á máa bá firíìjì náà sọ̀rọ̀: "Wọ́n ra aṣọ olówó iyebíye fún ọ, wọn ò wẹ̀ ọ́." Ajá ilé olówó nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bí ajá bá lá wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn títí wọ́n á fi fọ ọwọ́ náà nígbà méje, bí Ìsìláàmù ṣe wí.

Èmi ni ẹnu bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹta ni wọ́n ti ń mú mi lọ sóde iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, nítorí pé mo tín-ín-rín, mo lè wọ àlàfo tó wà láàárín firíìjì àti ògiri, àti nítorí pé mo gbọ́ Twi bí ọmọ Asante. Màdáámù á sọ tiẹ̀, màá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bàbá mi á sọ tiwọn, màá túmọ̀ rẹ̀ sí Twi, màá sì bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. N kì í ṣì í. Àwọn obìnrin yẹn á máa wò mí pẹ̀lú ìyanu, wọ́n á sì fún mi ní mílò tútù.

Ṣùgbọ́n nínú tròtrò, ọkọ̀ èrò tí a máa ń wọ̀, nígbà tí a bá ń lọ tàbí tí a bá ń bọ̀, a ò nílò ìtumọ̀. Yorùbá nìkan ni. Ta ló tó bàbá mi nínú Yorùbá? Wọ́n lè fi bí ìyá kan ṣe di gèlè pa ọ́ lẹ́rìn-ín láti Asafo dé Adum. Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe kúrò nílé fún mi, díẹ̀díẹ̀, Sátidé kan lẹ́yìn òmíràn: bí wọ́n ṣe bá bàbá wọn jà nítorí pé wọ́n kọ̀ láti jókòó ti kéwú, bí wọ́n ṣe bá ọkọ̀ ẹlẹ́ja lọ, bí ọkọ̀ náà ṣe kú sí ẹnubodè Aflao, tí yìnyín inú rẹ̀ ń yọ́, tí obìnrin tó ni ẹja sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún. Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe?" Wọ́n ní, "Sátidé tó ń bọ̀."

Ní ilé ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn ni mo jẹ́. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Kumasi. Kì í ṣe èébú lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mọ́kànlá bá fi kọrin sí ọ ní pápá, èébú ni. Orúkọ mi, Ràmátù, kò tú mi fó, nítorí Mùsùlùmí oríṣiríṣi ẹ̀yà pọ̀ ní kíláàsì wa. Mo bá dákẹ́. Bí wọ́n bá bi mí, mo ní Twi àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo gbọ́. Mo ní bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Adum tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ amúlétutù. Akosua ni mo sọ ọ́ fún jù, ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú mi, tó ń wọ bàtà funfun, tó sì máa ń bu bísíkíìtì rẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo tọrọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò fẹ́ kó mọ̀ mí.

Ní Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé kan tí a kò dé rí ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe bàbá mi, ní apá ibi tí àwọn ilé ti ní ògiri gíga. Onílé àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Accra. Máígádì ló ṣílẹ̀kùn fún wa, bàbá mi bá a sọ Hausa, nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò ẹnu mi lọ́jọ́ náà. Firíìjì ilé yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀bù góòlù. Gáàsì rẹ̀ ló ti jò tán. Bàbá mi wá ibi tó ti ń jò títí wọ́n fi rí i, wọ́n fi iná dí i, wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó wá ku kí wọ́n rọ gáàsì tuntun sí i.

Ibi tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ wà lẹ́yìn, firíìjì náà kò sì ṣeé fà jáde tán nítorí pákó tí wọ́n fi há a. Mo bá wọ àlàfo náà. Mo gbé sílíńdà gáàsì kékeré mọ́ àyà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Bàbá mi wà lódì kejì, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọlé láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n di ọ̀pá rọ́bà tí gáàsì ń gbà kọjá mú, nítòsí ibi tí nọ́ọ̀tì ti so ó mọ́ sílíńdà, kó má baà lọ́. Ojú wọn wà lára gééjì. Iṣẹ́ tèmi ni pé bí wọ́n bá ní ó tó, màá yí orí sílíńdà náà kí gáàsì lè dúró. A ti ṣe é bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ilé. A kò rí ojú ara wa, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Díẹ̀ sí i, ọmọ mi. Díẹ̀ sí i. Má mira."

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní Twi lẹ́yìn mi, láti ibi tí àlàfo náà ti ṣí sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Ràmátù? Kí lò ń ṣe nílé wa?"

Akosua ni. Ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ilé wọn ni.

Mo ní mo sin oníṣẹ́ wá ni. Ó ní ta ni oníṣẹ́ náà. Mo ní ọkùnrin kan tó háyà yàrá nílé wa ni. Ó yọ ọrùn, ó rí ọwọ́ bàbá mi, ó sì gbọ́ ohùn wọn. Ó ní, "Kí ló ń sọ?"

Mo ní, "Alata kasa. Mente." Èdè Alata ni, mi ò gbọ́ ọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láìrẹ ohùn sílẹ̀ púpọ̀, pẹ̀lú sílíńdà bàbá mi láyà mi.

Akosua gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní, "Báwo lo ṣe ń mọ ohun tó fẹ́ kó o ṣe?" Mo ní ó máa ń da Twi díẹ̀ mọ́ ọn. Ó dúró, ó ń wò mí.

Ìgbà náà ni bàbá mi sọ pé, "Ó tó. Yí i."

Ẹ̀yin tó gbọ́ Twi ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ní Yorùbá, orí sílíńdà ni wọ́n ní kí n yí. Ní Twi, *yi* ni kí ènìyàn yọ nǹkan kúrò níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni létí, iṣẹ́ rẹ̀ kò pa pọ̀. Mo rí i lójú Akosua pé ó gbọ́ ọ ní Twi, ó sì gbójú sí ọwọ́ mi láti wò ó bóyá òótọ́ ni mo sọ. Mo mọ ohun tí bàbá mi ní lọ́kàn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo fi orí sílíńdà sílẹ̀, mo di nọ́ọ̀tì ọ̀pá rọ́bà náà mú, mo sì tú u.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á rò pé òtútù kì í jóni. Gáàsì náà bú jáde, èéfín funfun bo ojú mi, ó sì lọ tààrà sórí ọwọ́ bàbá mi. Wọ́n kígbe. Mi ò tíì gbọ́ igbe bàbá mi rí, mi ò sì mọ̀ pé ó lè tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa jáde, ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún wọn ti funfun bí àbẹ́là. Wọ́n gbé ọwọ́ náà síwájú ojú, wọ́n ń wò ó bí ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Wọ́n ní, "Ràmá, kí ni mo ní kó o ṣe?" Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu ni.

Akosua ti tẹ̀ lé mi yí wá. Mo dá bàbá mi lóhùn ní Twi, bí ẹni ń bá ayálégbé wí. Mo ní, "Wose yi!" Ẹ ní kí n yọ ọ́.

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo Akosua. Ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà wò, lọ́nà kìíní, lọ́nà kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Lóòótọ́ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi ọwọ́ òsì kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n ní, "Bra. Yẹnkọ." Wá, jẹ́ ká máa lọ. Ọ̀rọ̀ Twi àkọ́kọ́ tí bàbá mi bá mi sọ láyé nìyẹn.

Ìka náà wú, wọ́n lé ròrò, èékánná méjì bọ́. Awọ padà, èékánná padà, ṣùgbọ́n ìka náà kò mọ gbígbóná tàbí títutù mọ́. Wọ́n padà lọ parí firíìjì náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn nìkan, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ wọn lọ pẹ̀lú ọwọ́ òsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé mo sọ bàbá mi di aláìníṣẹ́. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń sunkún lé lórí. Akosua pàápàá gbà mí gbọ́, kò sọ nǹkan kan nílé ẹ̀kọ́, ó ń bu bísíkíìtì fún mi títí di ìparí sáà náà, kí wọ́n tó mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Mi ò rí i mọ́ láti ìgbà náà.

Ohun tí mo pàdánù, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò rẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́bàá ilé ìdáná, ọwọ́ wọn wà nínú báńdéèjì, wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ̀bi mi ni. Èdè méjì lórí iṣẹ́ eléwu. Gáàsì yẹn ì bá ti bà á lójú. Twi ni màá máa bá a sọ báyìí, kó má baà dà á láàmú mọ́." Ìyá mi ní, "Ọmọ tó ń túmọ̀ fún gbogbo Kumasi ni *yí i* dà láàmú?" Ìyá mi gbójú sókè, wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wò mí títí. Mo lọ kó èédú. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ náà, èmi náà kò sì sọ ọ́.

Mo rò pé á tó ọ̀sẹ̀ kan, á sú wọn. Kò sú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ lóde iṣẹ́, ó sì bá wa wálé. Wọ́n ń bá ìyá mi sọ Yorùbá, wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ Yorùbá, wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Didi," kí n jẹun, "Kọ da," kí n lọ sùn. Mo ń fi Yorùbá dá wọn lóhùn, wọ́n á fi Twi dá mi lóhùn padà. Twi wọn, ti ọjà ni. Ẹni tó lè fi gèlè pa ọ́ lẹ́rìn-ín ní Yorùbá kò ní ju ogójì ọ̀rọ̀ lọ láti fi tọ́ ọmọ ní Twi. Kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ìtàn, kò sí bí wọ́n ṣe lè bá mi wí kó dùn mí, kò sí bí wọ́n ṣe lè rẹ̀ mí lẹ́kún. A ń wọ tròtrò, a ń dákẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ yẹn kò dé. Bàbá kan wà nínú ilé wa tó ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ dídùn, èmi nìkan ni mo ní bàbá tó ń pàṣẹ.

Ẹ̀yin náà á máa bi ara yín pé kí ló dé tí mi ò sọ òótọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gun orí ọjọ́, irọ́ náà di ìtàn ilé. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ: ẹ gbọ́ bí *yí i* ṣe di *yi* létí ọmọ Alhaji Firíìjì! Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, bàbá mi á gbé ìka wọn sókè bí ẹlẹ́rìí, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo ti rẹ́rìn-ín sí i débi pé mo mọ ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ báyìí.

Mo ti lé díẹ̀ lógójì ọdún báyìí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Adum lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń tà, rọ́bà ilẹ̀kùn àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ firíìjì ńláńlá ni. Bàbá mi kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fáráńdà ni wọ́n ń jókòó sí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á sì yí wọn ká lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo gbọ́ ohùn wọn láti fáráńdà, mo gbọ́ "ọkọ̀ ẹlẹ́ja," mo gbọ́ "Aflao." Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, èmi àgbàlagbà, mo mí díẹ̀díẹ̀. Ìtàn ti dé ibi tí obìnrin tó ni ẹja ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń sunkún. Ọmọ kan rí ẹsẹ̀ mi, ó kígbe orúkọ mi. Bàbá mi gbójú sókè, wọ́n ní, "Bra, tena ase." Wá jókòó. Mo jókòó. Ìtàn ti parí nìyẹn, nítorí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè sọ ìyókù ní Twi.

Ní ọdún tó kọjá ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó gba oorun lójú mi. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń nájà lọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ń tún un sọ pé, "Mente, mente." Mi ò gbọ́, mi ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ Twi tí gbogbo àlejò máa ń kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń sọ ọ́ ní ọjà Asafo nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí Twi wọn ṣe burú tó, wọ́n mọ *mente*, wọ́n sì mọ *Alata*. Lọ́jọ́ náà, ibú firíìjì kan péré ló wà láàárín ẹnu mi àti etí wọn. Mo jókòó sórí páálí kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé wọ́n gba irọ́ mi gbọ́ ni, pé nítorí ìka wọn ni wọ́n ṣe ń sọ Twi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n lè ti gbọ́ ọmọ wọn tó ní òun kò gbọ́ èdè wọn, kí wọ́n sì fún un ní ohun tó ní òun fẹ́.

Mo lọ bá wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé kéwú. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Akosua, ọkùnrin tó háyà yàrá, nọ́ọ̀tì tí mo tú. Mo ní, "Ẹ̀bi yín kọ́. Mo gbọ́ yín. Mo gbọ́ Yorùbá yín dáadáa lọ́jọ́ náà." Mo sunkún bí ọmọdé, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí jì mí.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Mate."

Ìyẹn ni pé, mo ti gbọ́. Ọmọ Asante ní bó ṣe ń sọ ọ́ tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nǹkan, ó sì ní bó ṣe ń sọ ọ́ tó bá jẹ́ pé ó ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá mi kò kọ́ ìyàtọ̀ náà rí. *Mate* ni wọ́n ń lò fún gbogbo rẹ̀. Bóyá wọ́n ń sọ pé àwọn ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Bóyá wọ́n ń sọ pé àwọn gbọ́ mi lọ́jọ́ náà, lódì kejì firíìjì. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́ ni, ohùn wọn lásán ì bá ti jẹ́ kí n mọ̀.

Ìbéèrè kan péré ló kù: ìgbà wo ni wọ́n gbọ́? Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ ì bá ti bi wọ́n kó tó mí. Kò sí ohun tí kì í bi wọ́n. Òpùrọ́ ni, onítìjú ni, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù ohun tó máa ti ẹnu bàbá rẹ̀ jáde. Èmi ti sọ òótọ́ mi tán, mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ bàbá mi lórí mi, mi ò sì lè bèèrè. Mo nu ojú mi, mo dìde, mo sì dá wọn lóhùn ní Twi.